Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀rọ Ìfọbọ́ Tó Gbé Omi Mì Tí Kò Fẹ́ Pọ̀ Ọ́

Sí Alàgbà Ẹ̀rọ Ìfọbọ́,
Abẹ́ Káńtà, Ẹ̀gbẹ́ Síǹkì,
Ilé Ìdáná Wa,
Thamesmead, London.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú àìdìde. Ẹ kú ìtọ́jú omi. Mo kí yín, mo kí omi ìdọ̀tí tí ẹ gbé pamọ́ síkùn láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú di àná, mo sì kí epo pupa tó léfòó sójú rẹ̀. Àwọn ọmọ ní kí n kí yín. Bàbá wọn náà kí yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kí yín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn yín tí òórùn sì pàdé wọn, kò ṣeé kọ síbi tí àwọn ọmọlúàbí ti ń kàwé.

Ó wù mí kí n máa pè yín ní "ẹ̀yin" dé ìparí lẹ́tà yìí. Ẹ ti wà nínú ilé kí àwa tó kó dé. Ẹni tó ta ilé fún wa ló fi yín sílẹ̀ níbẹ̀, ó fi pátákó funfun bò yín lójú kí ẹ lè bá àwọn kọ́bọ́ọ̀dù tó kù dọ́gba, débi pé àlejò kì í mọ̀ pé ẹ wà. Ẹni tó ti pẹ́ nílé tó báyìí, ó yẹ ká bu ọlá fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé omi ọbẹ̀ mì tó sì di ẹnu pa mọ́ ọn, "ìwọ" tó o. Ó yá, ìwọ ẹ̀rọ yìí, gbọ́ mi. Gbangba ni mo kọ ọ́ sí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo ti bá ọ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, mo ti fọwọ́ gbá ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ti bẹ̀ ọ́, o kò dáhùn. Kí àwọn ará ìta bá wa dá sí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka èyí ló ní ọmọ ìyá rẹ nílé, wọ́n mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́: ahun ni ọ́. Ohun tí wọ́n fi yìn ọ́ fún wa nígbà tí a kó dé ni pé o kì í fi omi ṣòfò, òótọ́ sì ni. Ẹ̀rọ ìfọbọ́ òde òní lè fi omi bíi lítà 10 sí 15 fọ abọ́ tó kún inú rẹ̀ bámúbámú, nígbà tí ẹni tó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ tó ń fi kànìnkànìn yí abọ́ lábẹ́ rẹ̀ yóò ti da ju ìyẹn lọ kó tó kan ìkòkò. Ọgbọ́n tó o ń dá kò ṣókùnkùn sí wa. Omi díẹ̀ lo ń fà wọlé, o ń mú un gbóná, o ń fi àwọn apá rẹ tí wọ́n lu ní ihò wẹ́wẹ́ fọ́n ọn ká bí wọ́n ṣe ń yípo, omi náà yóò ṣàn padà gba inú asẹ́ lọ sí kòtò tó wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ, wàá sì tún gbé e sókè. Omi kan náà lo ń lò ní àlòtúnlò títí yóò fi dọ̀tí. Ìgbà náà ló yẹ kó o dà á nù, kó o fa tuntun, kó o fi ṣan abọ́. Kí ló wá dé tí ẹni tó ń ṣahun láti gba omi tún ń ṣahun láti dá a padà? Omi tó o fún mọ́ ikùn yẹn, ta lò ń tọ́jú ẹ̀ fún? Èmi ni mo sanwó rẹ̀, mo sì ní kó máa lọ.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọ. Bí a bá ṣílẹ̀kùn rẹ lẹ́yìn iṣẹ́ tí a rí omi díẹ̀ nínú kòtò lábẹ́ asẹ́, ìyẹn kò di ẹ̀ṣẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe ọ́ nìyẹn, kí rọ́bà inú rẹ má baà gbẹ. Àwọn kan ti tìtorí omi tí kò kún ife pe ẹnjiníà wá sílé. Omi tí mò ń sọ ni èyí tó bo asẹ́ mọ́lẹ̀, tó dé ẹsẹ̀ agbọ̀n ìsàlẹ̀, tí ṣíbí wà nínú ẹ̀ tí ojú kò rí. Àwọn èèyàn wa ní Lẹkí tí iná lọ mọ́ ẹ̀rọ tiwọn lọ́wọ́ láàárín iṣẹ́ náà ní àwáwí: bí iná bá dé, ẹ̀rọ á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, omi á sì jáde. Iná kò lọ ní Thamesmead lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ̀sùn kejì ni ẹnu rẹ. O lẹ́nu, o kò lè sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, o kùn, o kùn, o dákẹ́, o tún kùn, bí alága ìjókòó tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ní ẹbí ọkọ kò ní wọlé àfi kí owó kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tó yá, o gbé lẹ́tà E sójú, o fi nọ́ńbà tì í lẹ́yìn, o sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké pí-pí-pí lóru tí àwọn aládùúgbò ti sùn. Kí ni E? Ta ni ká bi? Ìwé ìlànà rẹ wà nínú dúrọ́ọ̀, ó nípọn, wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní èdè Jámánì, ní èdè Faransé, ní èdè Pólándì àti èdè àwọn ìlú tí mi ò tíì dé rí. Yorùbá nìkan ni wọn kò rántí, kò sì sí ojú ìwé kan níbẹ̀ tó sọ ohun tí a ó ṣe bí èèpo ẹ̀wà bá wọlé. Mo wá E náà kàn. Ohun tó sọ ni pé omi kò jáde. Mo dúpẹ́. Omi náà ń wò mí lójú bí mo ṣe ń kà á.

Kí n sọ ọ́ fún àwọn tó ń kà á pẹ̀lú wa: ẹ má gba ìtumọ̀ nọ́ńbà lẹ́nu aládùúgbò. Nọ́ńbà tó ń sọ pé omi kò jáde lára ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan lè máa sọ nǹkan mìíràn pátápátá lára ti ilé-iṣẹ́ kejì. Ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tó nǹkan.

Ó dà bíi pé o ti gbàgbé ìdílé tó o ti wá, jẹ́ kí n rán ọ létí. Shelbyville ni, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Ìyá yín, Josephine Cochrane, kì í ṣe ẹni tí abọ́ fífọ̀ ń dá lágara. Ó rí jájẹ, ó ní àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń fọ̀ ọ́. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ náà ń bu àwo tánńganran rẹ̀ létí. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún 1883, ó fi gbèsè sílẹ̀ fún un, ẹ̀rọ tó fẹ́ fi dáàbò bo àwo sì wá di ohun tí yóò fi wá oúnjẹ òòjọ́. Ó wọn àwo, ó fi wáyà ṣe àyè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó to àwọn àyè náà sínú àgbá kẹ̀kẹ́ tó dùbúlẹ̀ nínú ìkòkò bàbà ńlá, bí kẹ̀kẹ́ náà ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ni omi gbígbóná ọlọ́ṣẹ ń tú lu àwo. Ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1886 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìhùmọ̀ náà. Ní 1893 ó gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá àgbáyé ní Chicago, àwọn ilé oúnjẹ ibẹ̀ sì ń fi fọ abọ́ èrò tó ń wọ́ wá. Òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ ló kọ́kọ́ ń rà yín. Ó pẹ́ kí àwọn ìyàwó ilé tó dá yín lóhùn, nítorí omi gbígbóná ilé ọ̀pọ̀ wọn kò tó yín lò. Ìran tó ń fọ abọ́ òtẹ́ẹ̀lì lo ti wá, ìwọ ọmọ Shelbyville! Abọ́ ẹbí kan àti àlejò díẹ̀ ló wá dá ọ dùbúlẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa ti múnú bí ọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá nílùú yìí, ibi tí abọ́ ti ń ro omi dànù ni wọ́n sọ ọ́ dà. Wọn á fọ abọ́ tán nínú síǹkì, wọn á wá ṣílẹ̀kùn rẹ, wọn á tò ó sí i kó lè gbẹ. Nínú àwọn ilé mìíràn, ìkòkò àṣè àti ike áísìkirímù tó ti di abọ́ ata lò ń bá wọn tọ́jú, o kò tíì mọ bí ọṣẹ ṣe ń rí. Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó, wọn kò sì fi ìgbà kan gbà ọ́ gbọ́. Wọ́n á fọ àwo mọ́ tónítóní kí wọ́n tó fún ọ. Mo ní, "Màámi, ẹ̀rọ yóò fọ̀ ọ́ o." Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Mò ń fọ̀ ọ́ kó má baà dójú tì mí níwájú ẹ̀rọ ni." Ohun tí àwọn tó ṣe ọ́ ń sọ yàtọ̀ sí ti Màámi: ẹ ha oúnjẹ tó kù lójú àwo dànù, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti ṣan án. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn tí kò fẹ́ ṣan án kì í sábà rántí láti ha á.

Ẹ̀sùn kẹta nìyẹn, asẹ́. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Mo fura pé nígbà tí wọ́n ń dán ọ wò nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ọ́, kò sí ẹ̀gúsí nínú oúnjẹ tí wọ́n fi kun àwo. Lábẹ́ apá ìsàlẹ̀ rẹ ni asẹ́ gbọọrọ kan wà tí a ń fọwọ́ yí kí a tó fà á yọ, asẹ́ pẹlẹbẹ sì wà ní abẹ́ rẹ̀. Ohun tí a bá nínú tìrẹ ju ẹnu lọ: èèpo ẹ̀wà tó lẹ̀ mọ́ ara wọn, kóró ata rodo, èérún ẹ̀gúsí, eegun ẹja tíntìntín, okùn ewédú tí ọṣẹ kò rí nǹkan ṣe sí, àti epo pupa tó ti dì láàárín gbogbo wọn. Bí asẹ́ bá dí, omi kò ní ríbi gbà dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, yóò wà lókè bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ń mú kí ẹ̀yin ẹ̀rọ kọ omi, ibẹ̀ ni ká kọ́kọ́ lọ, nítorí ohun tí yóò ná wa kò ju ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù lọ. Bàbá àwọn ọmọ pa iná rẹ lára ògiri, wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n dúró títí omi fi tutù, wọ́n wá ń fi ife gbọ́n ọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mo tan tọ́ọ̀ṣì. Tówẹ̀lì la fi fa èyí tó kù, a fọ asẹ́ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, a dá a padà, a yí i títí ó fi há.

Mo rò pé ìjà ti parí. Àwọn ọmọ dé láti ilé-ìwé, wọ́n bá ọ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń jó. Kí n má gbàgbé ìyà tó o fi jẹ wọ́n: ọmọ tó lè tún fóònù ṣe ní ojú oorun kò mọ bí wọ́n ṣe ń di kànìnkànìn mú. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ṣé a máa ń yí abọ́ padà láti fọ ẹ̀yìn rẹ̀. O fa omi, o fọ́n ọn, ó tó àkókò àtidà á nù, o kùn. Omi dúró.

Onídàájọ́ òdodo ni mí, mo wá rò ó pé bóyá ẹlòmíràn ló ń dí ọ lọ́wọ́. Họ́ọ̀sì rẹ gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù lọ sábẹ́ síǹkì, ó sì so mọ́ páìpù tó tẹ̀ kọrọdọ tí omi síǹkì ń gbà lọ. Bí epo bá ti dì sínú páìpù yẹn, síǹkì fúnra rẹ̀ yóò máa lọ́ra, omi tìrẹ yóò pàdé tirẹ̀ lójú ọ̀nà, nígbà mìíràn ti síǹkì á tún wá sùn sọ́dọ̀ rẹ. Ìdí tí họ́ọ̀sì fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun òkè dé abẹ́ káńtà kó tó sọ̀kalẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá sì ti ọ́ sẹ́yìn jù, o lè fi ẹ̀yìn rẹ tẹ họ́ọ̀sì náà pẹlẹbẹ mọ́ ògiri, wàá sì máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ilé tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ síǹkì ní ọ̀ràn tirẹ̀ lọ́tọ̀: ẹnu tí họ́ọ̀sì ń wọ̀ lára páìpù tuntun máa ń ní ìdérí, púlọ́ńbà tó bá gbàgbé láti yọ ọ́ ti dá ogun sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Houston tí ẹ ní ẹ̀rọ tó ń lọ àjẹkù oúnjẹ lábẹ́ síǹkì, ẹ fiyè sí èyí dáadáa. Ìdérí wà nínú ẹnu tiyín náà, òòlù àti irin ni wọ́n fi ń ṣí i nígbà tí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ tuntun, kí ẹ sì rí i pé wọ́n mú ìdérí náà jáde.

Ibi tí òtítọ́ ti jáde ni bọ́kẹ́ẹ̀tì. A tú ẹnu họ́ọ̀sì rẹ kúrò lára páìpù, a gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan dì í mú, a dá iná padà, a tẹ bọ́tìnnì tó ń pàṣẹ fún ọ pé kó o da omi nù. Bí omi bá tú yàà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ara rẹ le, páìpù ilé ló jẹ̀bi. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá gbẹ, tí họ́ọ̀sì kò sì ká, inú rẹ ni ká ti wá ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìdánwò yìí kò gba owó, kò gba ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìlànà rẹ ló yẹ kó wà, níbi tí wọ́n ya obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí ife sí. Gbogbo ilé yí bọ́kẹ́ẹ̀tì ká. O kùn. Ẹ̀kán kan kò kán.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹbí ti di oníṣègùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Peckham ní kí n da fínígà sí ọ, kí n wọ́n sódà ìdáná lé e. Ó hó, ó rùn, ó dákẹ́. Fínígà lè lé òórùn, ó lè ṣí díẹ̀ nínú funfun tí omi London máa ń fi sára ife, àmọ́ kò lè yọ eegun kúrò lọ́fun ẹnikẹ́ni. (Ọ̀rọ̀ funfun náà, iyọ̀ tí a ń dà sí ihò ìsàlẹ̀ rẹ ló ń wò ó, torí pé omi ìlú yìí le. A ó bá ara wa sọ ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn.) Ẹlòmíràn ní kí n da oògùn tí wọ́n fi ń la páìpù sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Oògùn náà lè ba rọ́bà àti ike inú ẹ̀rọ jẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ fọwọ́ gbọ́n omi náà lẹ́yìn ìgbà yẹn lè jóná. Ẹnì kẹta, ọkùnrin tó jẹ́ pé àwo kò tíì tọwọ́ rẹ̀ mọ́ rí, ní ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ nínú síǹkì ló dáa jù. Ọṣẹ yẹn a máa hó, ìfófó rẹ̀ á kún inú rẹ, á tú sílẹ̀ yàlà, pọ́ǹpù kò sì ní rí omi tì. Ọṣẹ tìrẹ lọ́tọ̀, tiwa lọ́tọ̀.

Ọ̀gá kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ti fọ̀rọ̀ gún wa lára lórí fóònù. Ó ní pọ́ǹpù ti kú, ká ra tuntun, owó àbẹ̀wò lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Kò tíì rí ojú rẹ o. Mi ò bínú sí i púpọ̀, òun náà ní ọmọ tó ń jẹun. Àmọ́ pọ́ǹpù tó ń kùn kò tíì kú. Iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fẹ́ ṣiṣẹ́, nǹkan ló dì í mú. Èyí tó bá dákẹ́ láìkùn rárá ni ká bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù fún. Bí omi bá sì ń jò sísàlẹ̀ ẹ̀rọ, ká fi ọwọ́ sílẹ̀ ká pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀sùn kẹrin, òun ló sì wúwo jù. A tún pa iná rẹ, a tún gbọ́n omi, a tún yọ asẹ́. Nínú kòtò yẹn, lára irú ẹ̀rọ bíi tìrẹ, ìdérí ike kékeré kan wà tó bo ẹnu pọ́ǹpù. Lára àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ mìíràn, abẹ́ tàbí ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, èèyàn kò sì gbọdọ̀ dáwọ́ lé yíyí ẹ̀rọ tó wúwo dà láìmọ̀ ọ́n. Bàbá àwọn ọmọ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, nítorí àfọ́kù ife a máa sá pamọ́ síbẹ̀, omi dúdú kì í sì í jẹ́ ká rí i. Wọ́n yọ ìdérí, wọ́n fi ṣíbí onígi tọ́ abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń ti omi jáde. Abẹ̀bẹ̀ tó bá ní àlàáfíà yóò yí, kì í sì í yí geere, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń ta nítorí mágínẹ́ẹ̀tì tó wà nínú pọ́ǹpù. Tìrẹ kò mira rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ síwájú, wọ́n dákẹ́, wọ́n pe orúkọ Ọlọ́run, wọ́n sì fa ìtayín kan jáde.

Ìtayín! Ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, tó ń yí apá, tó ń kọ E, tó ń fi òru pariwo, igi tí a fi ń yọ ẹran láàárín eyín ló gbá a mú lọ́rùn. Lọ́jọ́ Àìkú, àbúrò ọkọ mi gbé àsun wá, wọ́n fi ìtayín gún un lọ́kọ̀ọ̀kan kí àlejò lè máa fi mú un. Àwọn náà ló kó abọ́ sínú rẹ lálẹ́, wọ́n ní kí n jókòó kí n sinmi, ìyàwó ti ṣiṣẹ́ tó. Ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún mi nínú ilé, mi ò gbọdọ̀ dárúkọ wọn, ẹnu mi kò sì gbọdọ̀ gùn jù. Wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì ń ka lẹ́tà yìí. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ pé àsun mìíràn yóò dára fún ìtanràn.

Ìwọ ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn. Asẹ́ rẹ dá èèpo ẹ̀wà dúró, ó dá kóró ata dúró, ó dá ẹ̀gúsí tí wọ́n lọ̀ kúnná dúró, ó wá ṣí ọ̀nà fún igi. Báwo? Wọ́n ní bí asẹ́ kò bá jókòó dáadáa, nǹkan tó tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó dára, a gbọ́. Ṣé o kò wá lè ké nígbà tí asẹ́ kò jókòó? O mọ̀ ọ́n ké nígbà tí ọṣẹ tó ń mú ife dán bá tán. O ní iná pupa fún iyọ̀. O ń fi orin sọ fún wa pé o ti ṣiṣẹ́ tán, iṣẹ́ tí a fi owó wa rán ọ. Èyí tó lè dá ilé rú nìkan ni o kò ní ohùn fún.

Ohun tí ilé yìí pinnu nìyí. Bàbá àwọn ọmọ fẹ́ kí n gbé ọ jù sẹ́yìnkùlé ká ra tuntun, mo kọ̀, nítorí nígbà tí ìtayín jáde tán, o fa omi, o sì dà á nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíá, sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ sì pàtẹ́wọ́ fún ọ. Ara rẹ le. A dá ọ láre lórí pọ́ǹpù, a dá ọ lẹ́bi lórí ẹnu. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni a ó máa fọ asẹ́ rẹ, ọmọ tí kò mọ ẹ̀yìn abọ́ ni a yàn sí i. Fọ́ọ̀kì ni àlejò yóò máa fi jẹ àsun nínú ilé wa. Ìwọ náà, bí nǹkan bá tún há ọ lọ́fun, má ṣe dúró di òru kó o tó sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí, ẹ dìde kẹ́ ẹ lọ yọ asẹ́ tiyín wò kí ọjọ́ Àìkú tó kò. Kó tó di pé ẹ pe ẹnikẹ́ni tó ń gba owó àbẹ̀wò, ẹ gbé ẹnu họ́ọ̀sì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ná. Ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ sì má gbàgbé ìbọ̀wọ́.

Èmi ni,
Ẹni tó ń sanwó iná àti omi nínú ilé.